A kì í fárí lẹ́yìn olórí? Ohun tó wà nídìí yíyan abẹnugan ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ àti yíyọ ọ́ nípò

Mudashiru Ọbasá kò sí nílé. Ó wà lókè òkun ní ọjọ́ 13, oṣù Kìíní, ọdún 2025, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó jókòó ní Aláúsá, tí wọ́n sì rọ̀ ọ́ lóyè abẹnugan tó ti ń jẹ bọ̀ láti ọdún 2015. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti fi igbákejì rẹ̀, Mojísọ́lá Lasbat Meranda, sórí àga. Obìnrin kankan kò jókòó síbẹ̀ rí nínú ìtàn ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ 49 péré ló lò. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, àwọn aṣòfin yìí kan náà tún dìbò yan Ọbasá padà, Meranda sì padà sípò igbákejì tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 16, oṣù Kẹrin, Adájọ́ Yétúndé Pinheiro ti ilé ẹjọ́ gíga nílùú Ìkẹjà gbé ìdájọ́ kalẹ̀ pé ìjókòó ọjọ́ 13, oṣù Kìíní yẹn àti yíyọ tí wọ́n yọ Ọbasá níbẹ̀ kò bá ìwé òfin mu.

Láti ìgbà náà, bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kankan bá ti fẹ́ dàrú, ti Èkó làwọn èèyàn kọ́kọ́ ń mẹ́nu bà, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń lọ́jú pọ̀ lẹ́nu wọn. Àwọn kan ní gómìnà ló ń yọ abẹnugan. Àwọn mìíràn ní tí aṣòfin bá ti pọ̀ tó, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè jókòó sí. Àwọn kan sì gbà pé kò sóhun tó ń jẹ́ òfin nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló ń pín oyè. Díẹ̀díẹ̀ òótọ́ wà nínú òmíràn nínú wọn, àmọ́ wọn kò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ta ni ń jókòó nílé aṣòfin ìpínlẹ̀, mélòó sì ni wọ́n?

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 90, ló fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ni. Kò dà bíi ti Àbújá tí àwọn sẹ́nétọ̀ wà lọ́tọ̀, tí àwọn aṣojú-ṣòfin náà wà lọ́tọ̀. Ohun tí ilé kan yìí bá ti fọwọ́ sí, kò sí ilé kejì tí yóò tún un yẹ̀ wò kó tó dé iwájú gómìnà.

Abala 91 ló sọ iye tó yẹ kí wọ́n jẹ́: ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye àga tí ìpínlẹ̀ náà ní nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín ní 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Aṣojú 24 ni Èkó ní l'Ábùjá. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ti fò kọjá ààlà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dúró sórí 40. Káńò náà 40. Kwárà tó ní aṣojú 6 ní aṣòfin 24, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ géérégé. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìṣirò yìí lọ sí Ògùn, Ọ̀ṣun tàbí Oǹdó, yóò rú yín lójú: aṣojú mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni wọ́n ní, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 27, síbẹ̀ aṣòfin 26 ló wà nínú ilé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀yọ́ ní aṣojú 14, aṣòfin rẹ̀ sì jẹ́ 32. Pípín ẹkùn ìdìbò tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996, láyé ìjọba ológun, ṣáájú ìwé òfin yìí, la ṣì ń lò dòní. Bí a bá ka gbogbo ìpínlẹ̀ 36 pọ̀, ẹkùn ìdìbò 993 ló ń rán aṣòfin lọ sílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti pé ọmọ ọdún 25, kó kàwé dé ìpele oníwèé mẹ́wàá, kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan sì fà á kalẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni òfin ń béèrè tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe tí àwọn ọ̀dọ́ jà fún, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lọ́dún 2018, ló mú un wá sí 25. Ẹ má gbàgbé ti ẹgbẹ́ òṣèlú yẹn, a ó padà sórí rẹ̀.

Nínú ara wọn ni wọ́n ti ń yan abẹnugan àti igbákejì rẹ̀. Ará ìlú kò dìbò yan abẹnugan, gómìnà kò sì ní ìwé tó lè fi yàn án tàbí tó lè fi lé e lọ. Akọ̀wé ilé kì í ṣe aṣòfin ní tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni, òun ló ń tọ́jú ìwé, tó ń ka àkọsílẹ̀ ìjókòó, tó sì ń darí ètò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí kò tíì sí abẹnugan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé níbi tí wọ́n bá ti ń jà sórí àga abẹnugan, àga akọ̀wé náà kì í sinmi. L'Ékòó, lọ́jọ́ tí wọ́n yọ Ọbasá, wọ́n yọ akọ̀wé ilé pẹ̀lú.

Ọ̀pá àṣẹ ńkọ́? Nínú àṣà ilé aṣòfin, ìjókòó kò fìdí múlẹ̀ bí ọ̀pá náà kò bá sí lórí tábìlì. Àmọ́ ìwé òfin 1999 kò dárúkọ rẹ̀ níbì kankan. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún rẹ̀. Síbẹ̀ náà, bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré gbá mú.

Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Òfin ni wọ́n ń ṣe fún ìpínlẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ka àkọlé àbádòfin lásán. Lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n á jiyàn lórí ohun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó kan, èyí tó sábà máa ń pe àwọn tọ́rọ̀ kàn wá sọ tẹnu wọn. Tí wọ́n bá kà á lẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, ó di ọ̀dọ̀ gómìnà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni gómìnà ní láti buwọ́ lù ú. Bí ó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin tún fọwọ́ sí i, ó ti di òfin nìyẹn, gómìnà ì báà fẹ́, ì báà kọ̀.

Wọ́n tún ń yẹ àwọn tí gómìnà fẹ́ yàn sípò kọmíṣọ́nnà wò, wọ́n sì láṣẹ láti ṣèwádìí bí iléeṣẹ́ ìjọba ṣe ń náwó. Ṣùgbọ́n àṣẹ tó wúwo jù lọ́wọ́ wọn ni ti ètò ìṣúná, torí pé kọ́bọ̀ kò gbọdọ̀ jáde nínú àpò ìpínlẹ̀ bí wọn kò bá fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, gómìnà Babájídé Sanwó-Olú gbé ètò ìṣúná tírílíọ̀nù 3.005 náírà wá síwájú ilé aṣòfin Èkó. Nígbà tó fi máa jáde lọ́wọ́ wọn, ó ti wú di tírílíọ̀nù 3.366. Gómìnà buwọ́ lù ú lọ́jọ́ 9, oṣù Kìíní, ọdún 2025.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ abẹnugan. Ẹ̀sùn ṣíṣe owó ilé mọ́kumọ̀ku àti ìṣàkóso tó le koko ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ọbasá ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ọ̀pọ̀ oníròyìn tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí Ọbasá fúnra rẹ̀ sọ nípa ipò gómìnà lọ́jọ́ tí Sanwó-Olú gbé ètò ìṣúná yẹn wá, wọ́n ní ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́.

Kí ló fà á tí 14 àti 27 fi ṣe pàtàkì l'Ékòó?

Ibi tí àríyànjiyàn ti ń sọnù mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ jù nìyí. Iye mẹ́ta ló wà, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà.

Èkíní ni iye tó gbọ́dọ̀ pé kí ìjókòó tó lè wáyé. Abala 96 sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ni. Bí a bá pín 40 sọ́nà mẹ́ta, yóò jẹ́ 13 àti díẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kì í gé aṣòfin sí méjì, nítorí náà 14 ló dé.

Èkejì ni ìbò tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Èyí kò ju kí apá kan pọ̀ ju apá kejì lọ láàárín àwọn tó wà níjókòó tí wọ́n sì dìbò. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, ẹ ó rí nǹkan tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí: bí aṣòfin 14 péré bá wá, mẹ́jọ nínú wọn lè sọ àbádòfin di ohun tí ilé fọwọ́ sí, ní ìpínlẹ̀ tí aṣòfin rẹ̀ jẹ́ 40. Kò sí jìbìtì níbẹ̀, bí ìwé òfin ṣe là á sílẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta ni ìdá méjì nínú mẹ́ta, òun sì ni abala 92 béèrè fún kí wọ́n tó lè yọ abẹnugan. Gbogbo ọmọ ilé ni wọ́n ń kà níbí, kì í ṣe àwọn tó wá lọ́jọ́ náà nìkan. L'Ékòó, èyí jẹ́ 27. Tí aṣòfin 30 bá wá, tí 26 sì ní kí abẹnugan máa lọ, abẹnugan kò lọ.

Èkìtì kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ti àkọ́kọ́. Aṣòfin 26 ni wọ́n, iye tó yẹ kí wọ́n fi jókòó sì jẹ́ 9. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2014, aṣòfin méje ló jókòó, wọ́n ní àwọn yọ abẹnugan Adéwálé Ọmírìn, wọ́n sì fi ẹlòmíràn jẹ. Odindi ìpínlẹ̀ wá ń béèrè bí méje ṣe di mẹ́sàn-án.

Ti Ẹdó lọ́dún 2019 tún wá yàtọ̀. Ilé ẹlẹ́ni 24 ni, 8 sì tó wọn láti jókòó. Lóru ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, wọ́n búra fún aṣòfin mẹ́sàn-án, wọ́n yan abẹnugan, ilé sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá kà á, ẹ ó rí i pé iye pé. Àwọn yòókù tí wọ́n dìbò yàn ní wọn kò mọ̀ pé ètò kankan ń lọ lóru náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ẹni búra fún wọn. Kò yani lẹ́nu pé nínú àtúnṣe 16 tí Buhari buwọ́ lù sínú ìwé òfin ní oṣù Kẹta, ọdún 2023, ọ̀kan dá lórí bí ìjókòó àkọ́kọ́ àti ìbúra àwọn aṣòfin tuntun yóò ṣe máa wáyé.

Nígbà tí iye ti pé l'Ékòó, kí ló wá ṣe tí ilé ẹjọ́ fi fagi lé e?

Ó ju 30 aṣòfin lọ tí wọ́n fọwọ́ sí yíyọ Ọbasá, ìyẹn sì ti kọjá 27 dáadáa. Kò sí ẹni tó bá wọn jà lórí iye. Ohun tó fa wàhálà ni ta ló pe ìpàdé.

Ilé wà nínú ìsinmi nígbà náà. Àwọn agbẹjọ́rò Ọbasá sọ pé bí ilé bá ti wọ ìsinmi, abẹnugan tàbí ẹni tó bá gbé àṣẹ rẹ̀ fún nìkan ló lè pe àwọn aṣòfin padà kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Òun kò pè wọ́n, kò sì gbé àṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìpè kò bá sí, wọ́n ní kò sí ìjókòó, àwọn ọgbọ̀n èèyàn tó pàdé nínú yàrá kan lásán ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún ní wọn kò gbọ́ tẹnu ọ̀gá wọn kí wọ́n tó dájọ́ fún un. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ìhà kejì kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ìwé òfin ló ga jù, abala 92 kò sì sọ pé kí abẹnugan fọwọ́ sí yíyọ ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé abẹnugan nìkan ló lè pe ilé padà nínú ìsinmi, tí àwọn aṣòfin sì fẹ́ yọ ọ́, ṣé yóò pè wọ́n láé? Wọ́n ní abẹnugan kì í ṣe ọba, ẹni àkọ́kọ́ láàárín àwọn tí wọ́n jọ dọ́gba ni, àga tí àwọn tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ gbé kalẹ̀ fún un, irú iye yẹn lè gbà á padà. Ní èdè òwe, wọn kò jiyàn pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí; ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilé ló ni orí.

Abala 101 ló so ọ̀rọ̀ náà kọ́. Ó gba ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan láàyè láti ṣe ìlànà tí yóò máa fi darí ara rẹ̀, tó fi mọ́ bí wọn yóò ṣe máa pe ìjókòó. Ìlànà wà nínú ìwé kékeré tí ilé ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, ìwé òfin sì wà lókè. Bí ìlànà bá sọ bí a ṣe ń pe ìpàdé, tí ìwé òfin sì sọ iye tó lè yọ abẹnugan, ṣé ọ̀kan lè dí èkejì lọ́wọ́? Ìdájọ́ Adájọ́ Pinheiro já sí ti Ọbasá: ìjókòó tí wọn kò pè bó ṣe yẹ kò lè bí ìpinnu tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, iye yòówù kó wà níbẹ̀.

Ọbasá náà kò bọ́ nínú ìbéèrè. Ó padà dé láti òkè òkun nígbà tí oṣù Kìíní ń parí lọ, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn pé òun ṣì ni abẹnugan. Ní oṣù Kejì, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS ya wọ ọgbà ilé aṣòfin, inú sì bí àwọn tó wà lẹ́yìn Meranda gidigidi. Ní ọjọ́ 27, oṣù náà, Ọbasá wọ inú gbọ̀ngàn, ó sì darí ìjókòó, àmọ́ àwọn aṣòfin tó tẹ̀ lé e kò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Àwọn tó ti ń fi ìlànà bá àwọn èkejì jà wá di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè pé 14 dà.

Kí ìdájọ́ tó jáde ní oṣù Kẹrin, ìjà ti parí níta. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti rán àwọn àgbà ẹgbẹ́, nínú wọn ni Bísí Àkàndé àti Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọ́bà, láti bá wọn yanjú rẹ̀. Ẹni tó lọ sílé ẹjọ́ ti wà lórí àga tó ń béèrè kí adájọ́ tó gbé àga náà fún un.

Ṣé bí wọ́n ṣe ń yọ gómìnà náà nìyẹn?

Rárá o. Ìbò kan ṣoṣo ló ń mú abẹnugan lọ. Ti gómìnà tàbí igbákejì rẹ̀ gùn bí ọ̀nà oko, abala 188 ló sì là á sílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin á kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, abẹnugan á fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láàárín ọjọ́ méje. Láàárín ọjọ́ 14, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣèwádìí. Ìgbà yẹn ni Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ á wá yan èèyàn méje tí kì í ṣe olóṣèlú, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní. Bí wọ́n bá ní kò jẹ̀bi, ó parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó jẹ̀bi, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ sí àbọ̀ náà kí ẹni náà tó lọ.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti dán òfin yìí wò jù. Ní ìparí ọdún 2005, àwọn aṣòfin 18 fi ilé aṣòfin sílẹ̀ lọ jókòó sílé ìtura kan n'Ibàdàn, nígbà tó sì di ọjọ́ 12, oṣù Kìíní, ọdún 2006, wọ́n kéde pé àwọn ti yọ gómìnà Ràṣídì Ládọjà. Igbákejì rẹ̀, Adébáyọ̀ Àláó-Akálà, gbàjọba. Ilé aṣòfin Ọ̀yọ́ jẹ́ ẹlẹ́ni 32. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 22. Oṣù mọ́kànlá gbáko ló gbà kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó sọ, ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, pé 18 kì í ṣe 22, pé gbogbo ọmọ ilé ni wọ́n ń kà, Ládọjà sì padà sórí àga. Ẹni yìí kan náà ló wá di Olúbàdàn lọ́dún 2025.

Ní Oǹdó lọ́dún 2020, ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ yọ igbákejì gómìnà, Agboọlá Àjàyí. Aṣòfin mẹ́sàn-án nínú 26 kọ̀wé pé àwọn kò sí níbẹ̀. Ẹ yọ 9 kúrò nínú 26, ó ku 17. Bẹ́ẹ̀ 18 ni wọ́n nílò. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ náà wo ìṣirò yìí, ó sì kọ̀ láti yan àwọn olùwádìí méje. Ẹnìkan ṣoṣo ló dín.

Ṣé ìwé táwọn aṣòfin bá fọwọ́ sí níta lè dípò ìbò inú ilé?

Ìbéèrè yìí ti dàgbà jù ọ̀pọ̀ wa lọ. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1962, aṣòfin 66 nínú ilé aṣòfin Ìwọ̀-oòrùn fọwọ́ sí lẹ́tà kan sí gómìnà ẹkùn náà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, pé àwọn kò fẹ́ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní olórí ìjọba mọ́. Ọọ̀ni fi lẹ́tà náà yọ ọ́, ó sì fi Dáúdà Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá ní inú ilé, níbi tí wọ́n ti ń dìbò, nìkan ni wọ́n ti lè yọ òun.

Nígbà tí ilé wá pàdé n'Ibàdàn lọ́jọ́ 25, oṣù náà, láti dìbò ọ̀hún, aṣòfin kan fò sókè ó ń pariwo pé iná ń jó lórí òkè, àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ọ̀pá àṣẹ kán, ọlọ́pàá yin tajútajú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nílé gbà pẹ̀lú Akíntọ́lá pé ìbò inú ilé ló lè yọ ọ́. Lọ́dún 1963, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù gbà pẹ̀lú Adégbénró pé lẹ́tà náà tó. Kí ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù yẹn tó lè ríṣẹ́ ṣe, ilé aṣòfin Ìwọ̀-oòrùn yára tún òfin ṣe, wọ́n sì jẹ́ kó padà sẹ́yìn mú ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ètò ìjọba ìgbà náà yàtọ̀, torí inú ilé aṣòfin ni olórí ìjọba ti ń wá. Ṣùgbọ́n ìwé òfin 1999 ti dáhùn ìbéèrè yẹn fún abẹnugan: ìpinnu ilé nípasẹ̀ ìbò ni ó kọ sílẹ̀, kò kọ lẹ́tà.

Bí ìjà bá pọ̀ jù, ṣé Àbújá lè gba ilé náà lọ́wọ́ wọn?

Abala 11 gba ilé aṣòfin àpapọ̀ láàyè láti máa bá ìpínlẹ̀ ṣòfin bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ààlà wà níbẹ̀ o: níwọ̀n ìgbà tí ilé náà bá ṣì lè jókòó kó sì ṣiṣẹ́, a kò lè sọ pé kò lè ṣiṣẹ́. Àbújá kò sì lè fi àṣẹ yìí yọ gómìnà.

Rivers ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Ilé ẹlẹ́ni 32 ni. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2023, aṣòfin 27 kéde pé àwọn ti kúrò nínú PDP bọ́ sínú APC, mẹ́rin péré sì dúró ti gómìnà Siminalayi Fubara. Ìhà gómìnà ní àwọn 27 ti pàdánù àga wọn lábẹ́ abala 109, èyí tó ní kí aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ fi àga sílẹ̀ pẹ̀lú, àfi tí ẹgbẹ́ náà bá pín sí méjì tàbí tó dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Gómìnà gbé ètò ìṣúná bílíọ̀nù 800 náírà síwájú àwọn mẹ́rin, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejì, ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ìhà àwọn 27 tí Martin Amaewhule ń ṣe olórí wọn láre, ó ní kò sí ẹ̀rí tó fi hàn pé wọ́n pàdánù àga wọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, Ààrẹ kéde ìjọba pàjáwìrì, ó dá gómìnà, igbákejì rẹ̀ àti gbogbo ilé aṣòfin dúró fún oṣù mẹ́fà. Àwọn tó tako ìgbésẹ̀ yìí ní kò sí ibi tí ìwé òfin ti fún Ààrẹ láṣẹ láti dá ẹni tí ará ìlú dìbò yàn dúró. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní abala 305 fún un láyè láti gbé ìgbésẹ̀ tó bá yẹ nígbà tí ìlú bá fẹ́ dàrú.

Kí ló dé tí wọ́n máa ń sọ pé gómìnà àti ẹgbẹ́ ló ni ilé aṣòfin?

Owó ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ gómìnà ni owó tí ilé aṣòfin ń ná ti ń jáde, ẹni tó sì ń bẹ gómìnà fún owó epo mọ́tò yóò ṣòro fún láti yẹ ìwé gómìnà wò fínnífínní. Àtúnṣe ọdún 2018 sí abala 121 ní kí owó ilé aṣòfin máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Nígbà tí àwọn gómìnà fà sẹ́yìn, Buhari gbé àṣẹ kan jáde ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2020, láti fi tì wọ́n. Àwọn ìpínlẹ̀ pè é lẹ́jọ́, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fagi lé àṣẹ náà ní oṣù Kejì, ọdún 2022, pé ó kọjá agbára Ààrẹ. Àtúnṣe ọdún 2023 tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà.

Ìdáhùn kejì ni ti ẹgbẹ́ tí a ní kí ẹ má gbàgbé. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti dá dúró gba ìbò láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ padà lọ́dún 2027 mọ̀ pé ọwọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni ìwé tí yóò fi padà wà, ó sì ṣòro kó yarí nígbà tí irú wọn bá ní kó fi àga sílẹ̀. Àwọn kan ń pe èyí ní ìdásí tí kò yẹ nínú iṣẹ́ ẹ̀ka ìjọba tó dá dúró. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú ní tiwọn ní àwọn làwọn fà wọ́n kalẹ̀, àwọn làwọn polongo wọn, kò sì sí bí ilé àwọn ṣe máa jó táwọn á máa wòran.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò kéré. Kò sí àtúnṣe tó lè wọ inú ìwé òfin Nàìjíríà láìjẹ́ pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 fọwọ́ sí i. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni o, òmìnira ìjọba ìbílẹ̀ ni o, ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo rẹ̀ yóò gbà kọjá. Òmìnira ìjọba ìbílẹ̀ ti kọjá ní Àbújá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì jẹ́ pé lọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ ló ti ń kú.

Ṣé àwa tí a dìbò yan aṣòfin lè pè é padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, lábẹ́ abala 110. Ó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò nínú ẹkùn rẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fọkàn tán an mọ́. INEC á yẹ ìfọwọ́sí náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pé, wọ́n ní láti ṣètò ìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ láàárín 90 ọjọ́ tí ìwé náà bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ẹ sì kíyè sí i pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni òfin kọ, kì í ṣe àwọn tó jáde dìbò lọ́jọ́ tí aṣòfin náà wọlé. Aṣòfin tí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹkùn rẹ̀ jáde dìbò fún lè jókòó pẹ̀lú ìbò kékeré, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ gbọ́dọ̀ kó ju ìdajì gbogbo wọn jọ.